Ẹ Bi Àlàájà: “O Ò Tiẹ̀ Jọ Ìgbò Rárá”

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú nínú àwọn tó dé lóṣù yìí. Ọ̀dọ́bìnrin kan ní òpópónà Táíwò, bàbá kan ní Tánkẹ́, àti àgbẹ̀ kan ní Òmù-Àrán. Wọn ò mọra wọn rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo wọn ń bi mí: èyí tó jáde wẹ́rẹ́ lẹ́nu ẹnì kan, tó sì há sára ẹlòmíràn bí ẹ̀gún.

Àlàájà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí ní 1998. Ìgbò ni bàbá àti ìyá mi, ará Ìpínlẹ̀ Anambra. Bàbá mi ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní òpópónà Táíwò. Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé yunifásítì, Ìlọrin ni mo ti kàwé, Yorùbá sì já gaara lẹ́nu mi ju Ìgbò lọ. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan ò ní sọ fún mi pé, “O ò tiẹ̀ jọ Ìgbò rárá! Ìwọ yàtọ̀ sí wọn.” Lọ́jọ́ tí láńlọ́ọ̀dù mi máa fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó ní òun kì í gba Ìgbò sílé, àmọ́ òun rí i pé ọmọ dáadáa ni mí. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Nígbà tí mo wọlé, mo sunkún. Ọ̀rẹ́ mi ní inú mi ló burú, pé ṣebí wọ́n ń yìn mí ni. Ṣé èmi ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá? Kí ni kí n máa fún wọn lésì?
Ọmọ Táíwò, Ìlọrin

Ọmọ mi, inú rẹ kò burú. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ ka ìyókù.

Ní 1974, mo lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lápá ìwọ̀-oòrùn. Ọmọ ọdún 19 ni mí. Lálẹ́ ọjọ́ tí a dé, kálukú ń tú ẹrù rẹ̀, ọmọbìnrin tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi bi mí pé ibo ni mo ti wá. Mo ní Ìlọrin. Aṣọ tó ń ká lọ́wọ́ bọ́ sílẹ̀. “Háà! Gàmbàrí ni ẹ́? O mà gbọ́ Yorùbá o! O ò jọ wọ́n rárá.”

Yorùbá ni ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún. Ìyá tó bí ìyá mi, Fúlàní ni ìran tiẹ̀, síbẹ̀ Yorùbá ló fi ń pàlọ́ fún wa lórí ẹní. Kò gbọ́ Fúlàní ju kí ó kí ènìyàn lọ. Bí ọ̀pọ̀ agbo ilé ṣe rí ní Ìlọrin nìyẹn. Àwọn ọmọ Àlímì tó ti ń jọba níbẹ̀ fún nǹkan bí 200 ọdún, ìran Fúlàní ni wọ́n, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Ẹnì kan wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń yìn mí pé mo gbọ́ èdè ìyá mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “O ṣé.” Ó ti lé ní 50 ọdún. Mo ti gbàgbé orúkọ ọmọ náà. “O ṣé” tí mo sọ yẹn ni mi ò gbàgbé.

Torí náà, nígbà tí o kọ ọ́ pé o kúnlẹ̀ dúpẹ́ kí o tó lọ sunkún, ó yé mi ju bí o ṣe rò lọ.

Wo ọ̀rọ̀ “Gàmbàrí” yẹn. Nílé wa, àdúgbò ni. Oyè ni pẹ̀lú: Balógun mẹ́rin ló wà ní Ìlọrin, Balógun Gàmbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkòbí àti Balógun Alánàámú, kò sì sí ẹni tó ń pe èyí àkọ́kọ́ tó ń yínmú. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọmọ yẹn, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ìgbẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìró kan náà. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè kọ ìwé orúkọ tó dára àti èyí tí kò dára fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń sọ ọ́, ibi tó ti ń sọ ọ́, àti ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di oyè tàbí èébú.

Ìyìn tí wọ́n ń fún ọ ńkọ́? Mo ti ronú sí i láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé. Ìyìn wo ló wà nínú ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ kúrò lára ìyá rẹ kí o tó lè gbà á? Láńlọ́ọ̀dù rẹ sọ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ìwọ dára. Ó ní bàbá rẹ, tó jí ní àárọ̀ kùtù ní gbogbo ọdún yẹn láti ṣí ṣọ́ọ̀bù kí o lè kàwé, òun kò lè gbà á sílé. O gbọ́ méjèèjì. Ọ̀rẹ́ rẹ gbọ́ ọ̀kan.

Mo sì mọ nǹkan kan tí o ò kọ. Láti ọjọ́ tí o ti kó wọ ilé yẹn, bí ìyá rẹ bá pè ọ́ lórí fóònù, o máa ń lọ síbi tí wọn ò ti ní gbọ́ ohùn rẹ, tàbí kí o fi Yorùbá dá a lóhùn. Bí mo bá ṣì í, dárí jì mí. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì: nígbà tí bàbá mi wá kí mi pẹ̀lú láwàní lórí, ẹnu géètì ni mo ti lọ pàdé rẹ̀ kí wọ́n má bàá rí i. Ó ti kú, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, mi ò sì sọ fún un rí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kò tó nǹkan ló gbé mi dé ẹnu géètì yẹn.

Ní ti èsì, má fi ojú kan náà wo gbogbo wọn. Ìyá arúgbó ní Ọjà Ọba tó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ tó pàtẹ́wọ́, ayọ̀ ló ń yọ̀. Dá a lóhùn pé, “Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, Màmá,” kí o bá a rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ rẹ tó ní o ò jọ Ìgbò, bi í jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Báwo ni Ìgbò ṣe ń rí?” Má gbé ohùn sókè, kàn dákẹ́ kí o máa wò ó. Ọ̀pọ̀ wọn ò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ títí ẹnì kan á fi bi wọ́n. Ẹni tó bá pe ọmọ Ìgbò ní “ajòkúta-má-mumi” létí rẹ tó ní eré ni, ìyẹn ò gba ìbéèrè. Sọ fún un pé o ò fẹ́. Ọdún 31 ni mo fi ṣe tíṣà, mi ò jẹ́ kí ọmọ kankan sọ ọ́ sí ọmọ kejì ní kíláàsì mi kó lọ láìjẹ́ pé mo dá a dúró.

Láńlọ́ọ̀dù ló le jù, torí òun ló ni òrùlé, àgbà sì ni. Má lọ bá a lọ́jọ́ owó ilé. Lọ lọ́jọ́ tí kò sí gbèsè láàárín yín, kí o kí i dáadáa, kí o sì sọ pé, “Bàbá, ẹ ní ọmọ dáadáa ni mí. Ẹ ṣé. Ìwà tí ẹ rí lára mi, bàbá àti ìyá mi tó jẹ́ Ìgbò ló kọ́ mi.” Kò ju ìyẹn lọ. Má ṣàlàyé, má bẹ̀bẹ̀. Ó lè dákẹ́, ó lè bínú. Ọ̀rọ̀ náà á ti wọlé.

Ẹnì kan lè sọ fún ọ pé òfin wà. Ó wà lóòótọ́. Abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kọ̀ ọ́ pé kí wọ́n fi ẹ̀yà, ibi tí ènìyàn ti wá, tàbí ẹ̀sìn fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n òfin tí ìjọba ń ṣe àti ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe ni abala náà dojú kọ ní pàtàkì. Kò ní wá bá ọ jókòó ní pálọ̀ láńlọ́ọ̀dù. Ẹnu rẹ ló máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Àlàájà, ọmọ mi obìnrin ń kàwé ní Ìlú Ọba. Ó ní àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé máa ń fọwọ́ kan irun dídì òun láìtọrọ àyè, wọ́n a tún máa bi í pé ibo ló ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dá ṣáká báyìí. Ìyàwó mi ní kó fara dà á, pé ìwé ló bá lọ. Èmi ní kó bá wọn fà á. Ta ló tọ̀nà nínú àwa méjèèjì?
Bàbá Ìbejì, Tánkẹ́

Ẹ kú ọmọ títọ́, Bàbá Ìbejì. Ẹ̀yin méjèèjì ò tọ̀nà tán.

Ní 1970, dókítà adúláwọ̀ kan tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, tó tún ń kọ́ni ní Harvard ní Amẹ́ríkà, Chester Pierce, fún irú nǹkan báyìí lórúkọ: microaggression. Ohun tó ń tọ́ka sí ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan irú ìwà bẹ́ẹ̀ lè má tó nǹkan bí a bá yọ ọ́ sọ́tọ̀. Bó ṣe ń gorí ara wọn lójoojúmọ́ ló ń jẹ ènìyàn. Ẹ ronú sí ẹyọ yanrìn kan nínú bàtà. Kò lè pani. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ rìn láti Tánkẹ́ dé Pósíófíìsì pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹnì kan sì dúró lójú ọ̀nà kó ní ẹ ti ń ráhùn jù, pé yanrìn lásán ni.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọmọ yín nílé-ìwé, òun ni ìjọba wa fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń bi í pé ibo ló ti kọ́ ọ jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọmọ tó yìn mí nítorí Yorùbá. Kó sọ fún un pé, “Níbi tí o ti kọ́ tìẹ náà, nílé-ìwé.” Ní ti irun, kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó ṣe kedere: “Má fọwọ́ kàn án.” Orí ọmọ ènìyàn ni. Èwo ló máa dá lóhùn, èwo ló máa fojú fò torí ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, òun ni kó pinnu, kì í ṣe ẹ̀yin tàbí ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ tiyín ni pé bó bá pè, kí ẹ gbà á gbọ́.

Kí ẹ sì bá mi kìlọ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò tó ń sáré tẹ̀ lé àlejò tí wọ́n ń pariwo “Òyìnbó!”, tí wọ́n ń fa irun ọwọ́ rẹ̀ wò. Àlejò yẹn náà lórí.

Àlàájà, àgbẹ̀ ni mí ní Òmù-Àrán. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ajínigbé gbé àbúrò bàbá mi lójú ọ̀nà oko. A ta ilẹ̀, a ta mọ́tò, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Ó ní Fúlàní ni wọ́n. Ìyá oníwàrà kan wà tó ń gbé wàrà wá sọ́jà wa, ọwọ́ rẹ̀ ni ìyá mi ti ń rà láti kékeré mi. Lọ́jọ́ ọjà kan, mo pè é ní ajínigbé lójú gbogbo ènìyàn, mo ní kó padà sínú igbó ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà. Ó ru igbá rẹ̀, ó lọ. Kò wá mọ́. Ìyá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n Àlàájà, irọ́ ni mo pa ni? Ṣé kì í ṣe Fúlàní ni wọ́n?
Ọmọ Ìgbómìnà

Ọmọ mi, ẹ kú ìrọ́jú. Báwo ni àbúrò bàbá rẹ? Ṣé ó ń rí oorun sùn? Ṣé ó ti lè dá lọ sóko? Àwọn kan tí mo mọ̀ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ní apá gúúsù Kwara yìí, bí ọ̀kadà bá dún lóru, wọn ò ní lè sùn mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí o rò pé mo jókòó sínú ilé tó ní fẹ́ǹsì ní Ìlọrin, mo ń kọ́ ọ ní ìwà rere. Ìbínú rẹ ní ìdí. Ẹni tó bá ní kí o má bínú kò mọ ohun tó ń sọ.

Ṣùgbọ́n o ṣẹ obìnrin yẹn.

Mo mọ bó ṣe ń rí, torí mo ti ṣe irú rẹ̀, èmi ò sì ní ìbànújẹ́ kankan tí mo lè fi gbèjà ara mi. Ní nǹkan bí 1989, a wà ní yàrá àwọn tíṣà níléèwé kan, mo ń máàkì ìwé àròkọ. Rédíò ń sọ̀rọ̀ nípa ìjà kan lókè Ọya tí ènìyàn kú níbẹ̀. Mi ò gbójú sókè. Mo ní, “Gàmbàrí pa Fúlàní, kò lẹ́jọ́ nínú.” Bí gbogbo wa ṣe ń pa á nìyẹn, bí ìgbà tí ènìyàn ń wúkọ́. Olùkọ́ kan jókòó ní tábìlì kejì sí mi. Ó dé ìdérí bírò pupa ọwọ́ rẹ̀, ó fi bírò náà sí àpò. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, Gàmbàrí ni bàbá mi. Fúlàní ni ìyá mi. Ẹjọ́ tèmi lẹ ní kò sí nínú rẹ̀ yẹn.”

O mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, “Òwe ni.” Èmi tí ìyá ìyá mi jẹ́ Fúlàní.

Ọjọ́ kẹrin ni mo tó lọ bá a nílé. Ó gba ẹ̀bẹ̀ mi. Ó wá sọ fún mi pé òwe náà kọ́ ló dun òun jù, òun ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. “Òwe ni” tí mo fi dá òun lóhùn ló dun òun, torí ó fi hàn pé mo gbọ́ ohun tí òun sọ, mo sì yàn láti gbè sẹ́yìn òwe. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo òwe yẹn bó ṣe rí gan-an. Ohun tó ń sọ ni pé bí àwọn wọ̀nyẹn bá pa ara wọn, ẹ̀jẹ̀ wọn ò kan wá. Mi ò pa á mọ́.

Ìbéèrè rẹ ni pé ṣé irọ́ lo pa. Àwọn tó gbé àbúrò bàbá rẹ lè jẹ́ Fúlàní. Obìnrin yẹn kò sí níbẹ̀. O mú ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọkùnrin tó gbé ìbọn, o gbé e lé orí ẹni tó gbé igbá, torí òun ni ọwọ́ rẹ tó. Àwọn Fúlàní darandaran náà ń fara gbá a: wọ́n ń gbé ọmọ wọn, wọ́n ń ta màlúù láti fi rà wọ́n padà, bí ẹ ṣe ta ilẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti ṣẹlẹ̀ ní gàá, ibùdó tí òun fúnra rẹ̀ ti ń wá. O ò bi í.

Nǹkan míì tún wà tó kan ààbò rẹ. Bí ọlọ́pàá tàbí fijilanté bá bi ọ́ pé ta ni wọ́n, “Fúlàní ni wọ́n” kò mú ẹnikẹ́ni. Mélòó ni wọ́n? Èdè wo ni wọ́n ń bá ara wọn sọ? Ta ní ń fún wọn ní oúnjẹ, ọ̀kadà wo ló gbé e wá, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà jáde? Ìyẹn ló ń mú wọn. Ta sì ni ó mọ ọ̀nà igbó ju àwọn ará gàá lọ? Ẹni tó lè rí ẹsẹ̀ àjèjì lójú ọ̀nà omi kó sì wá ta yín lólobó, ẹni tí o lé kúrò lọ́jà ni.

Mo dàgbà pẹ̀lú àwọn oníwàrà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ rárá ni wọ́n ti ń fún wàrà lọ́mú màlúù. Wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á da omi ewé bomubómu sí i kó lè dì, wọ́n á dà á sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi rẹ̀ ro, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó gbé igbá rù, tí wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn dé ọjà. Nígbà tí o wà ní kékeré, iṣẹ́ àárọ̀ yẹn lo ń jẹ. Gàá Àkànbí tó ti di ìgboro Ìlọrin lónìí, ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀: ibùdó Fúlàní ni à ń pè ní gàá. Wọn ò dé lánàá.

Lọ bẹ̀ ẹ́. Mú ìyá rẹ dání, ó mọ ilé wọn tàbí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kó padà wá sọ́jà, kí o sì tún sọ ọ́ níbẹ̀, torí ojú ọjà lo ti bú u. Má ra gbogbo igbá wàrà rẹ̀ bí ẹni tó ń san owó ìtanràn. Ra ìwọ̀n tí ìyá rẹ máa ń rà. Má sọ pé inú ló ń bí ọ. Ó mọ̀. Sọ pé o ṣi ẹni mú.

Kí o tó sọ ohunkóhun, bi í ní orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà rẹ gùn, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ obìnrin yìí ni ìyá rẹ ti ń rà láti kékeré rẹ, mi ò sì rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.